Àtẹ̀gùn Ilé Mang Usting

Mo fẹ́ obìnrin kan rí. N kò gbé e níyàwó. Àtẹ̀gùn mẹ́wàá ni ilé bàbá rẹ̀ ní, yunifásítì gé ọ̀kan kúrò. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní yunifásítì ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Mo ń di ẹnu ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀ mú, mo sì ń di ọ̀pá aláwọ̀ pupa àti funfun mú. Ẹnjiníà Katigbak a máa wo inú ẹ̀rọ rẹ̀ láti òkèèrè. Bó bá juwọ́ sọ́tùn-ún, mo sún sọ́tùn-ún. Bó bá juwọ́ sósì, mo sún sósì. Ẹnikẹ́ni kì í bi mí léèrè ohun tí mo rò.

Yunifásítì náà ti wà kí wọ́n tó bí mi. Abúlé Kamansi sì ti wà kí yunifásítì tó dé. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, yunifásítì fo odò náà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé tuntun, wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tó fẹ̀. Wọ́n ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará Kamansi kò ní ìwé. Igi mángòrò ni wọ́n ní, àti ibi tí wọ́n sin àwọn baba wọn sí.

Ẹnjiníà fún mi ní agolo ọ̀dà pupa kan. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà sára gbogbo ilé tí yóò kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní. Nígbà tí mo dé ilé kẹtàdínlógójì, ọmọbìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó wò mí títí mo fi kọ nọ́ńbà náà tán.

"Kí nìyẹn?"

"Nọ́ńbà ilé yín ni."

"Yunifásítì ló fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kọjú sínú ilé, ó kígbe: "Ìyá! Ẹ wá wo nǹkan o! Èmi ṣe ìdánwò yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò mú mi. Ilé wa ò ṣe ìdánwò kankan, wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà!"

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Máa rẹ́rìn-ín lọ," ó ní. "Ọ̀dà ń kán sórí ẹsẹ̀ rẹ."

Òótọ́ ni. Ọ̀dà ti ta sí ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́ta. Ó ju àkísà kan sí mi láti òkè, mo fi nu ẹsẹ̀. N kò dá àkísà náà padà lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ ní ìdí tí n ó fi padà wá.

Bí mo ṣe mọ Narsisa nìyẹn, ọmọ Mang Usting káfíńtà. Mang ni à ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa.

Mang Usting ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà sórí òpó, bí a ti ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Òun ló kan àtẹ̀gùn mẹ́wàá síwájú rẹ̀. Kò sí káfíńtà wa tí í ṣe àtẹ̀gùn láì kà á. Wúrà ni ti àkọ́kọ́. Fàdákà ni ìkejì. Ikú ni ìkẹta. Bí o bá ka ikú tán, o tún bẹ̀rẹ̀ láti orí wúrà. Èyí tó bá kẹ́yìn lókè ni ìpín ilé náà. Orí wúrà ni mẹ́wàá ń parí sí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ mẹ́wàá.

Àtẹ̀gùn náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ ẹni, a kì í sọ pé ó wá tọrọ ìyàwó. À ń sọ pé ó wá gun àtẹ̀gùn. Òun àti ẹbí rẹ̀ yóò gbé oúnjẹ lọ́wọ́, wọn yóò sì gòkè lọ bá bàbá ọmọ. Bí bàbá náà bá na ọwọ́ sí i, tí ọkùnrin náà gbà á, tó fi kan iwájú orí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, yóò sìn wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni yóò sì máa wà.

Mo wà nísàlẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá.

Bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo kọjá sódì kejì odò. Mo ń pọn omi. Mo ń la igi. Mo tún ilé adìẹ wọn kọ́. Mang Usting kì í bá mi sọ̀rọ̀. Àkùkọ rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀, kí n lè gbọ́.

"Àkùkọ, ìwọ náà wo ayé. Lọ́sàn-án, wọ́n á wọn ilẹ̀ ẹni. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á wá pọn omi fún ẹni. Ó dájú pé wọ́n fẹ́ mọ bí kànga ṣe jìn tó ni."

Igi ni mo ń là.

Ọparun tí wọ́n là ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà, àlàfo sì wà láàárín rẹ̀. Narsisa á fi ikùn lélẹ̀ sókè bí ẹni tó ń sinmi, èmi á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àáké. Á máa ju ẹ̀pà yíyan sí mi láti inú àlàfo náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la ti sọ gbogbo ohun tí a bá ara wa sọ. Seo ló máa ń pè mí, dípò Eliseo.

"Seo."

"Mò ń gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀?"

"Kí ni n ó fi bọ́ ọ?"

"Ẹja gbígbẹ. Mo fẹ́ràn ẹja gbígbẹ."

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò di ṣéènì náà mú. Ilé yín á ṣì kúrò."

"Jẹ́ kí ẹlòmíràn dì í mú nígbà náà. Ẹlòmíràn kọ́ ni mo fẹ́."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀pà kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, ó bà mí ní imú. Mo gbé e jẹ. N kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ń wí fún ara mi pé ìyá mi ti di opó, iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni méjèèjì. Òótọ́ náà ni pé mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní òṣìṣẹ́ yunifásítì.

Alárinà wa ni Nana Sepa, agbẹ̀bí. Ọwọ́ rẹ̀ kan náà ló gbé èmi àti Narsisa wá sáyé. Ó gòkè lọ bá Mang Usting lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo wà nísàlẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Usting, omi tí ọmọkùnrin yẹn ti pọn ti tó adágún."

"Ẹ ní kó sinmi."

"Èmi kọ́ ni mo rán an. Ọmọ rẹ ti pé ọdún méjìlélógún. Ta lo ń fi í pa mọ́ fún? Ọ̀gá àgbà yunifásítì?"

"Ẹni tó kọ nọ́ńbà sára ilé mi mà ni, Nana."

"Wọ́n rán an ni. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ, ṣé ẹni tó mú un wá lo máa bá jà?"

"N kò bá a jà. N kò sì ní fún un lọ́mọ mi."

Nana Sepa yí sìgá rẹ̀ padà, ó ti ibi tó ń jó sínú ẹnu, bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe ń fà á. Ó ní, "Kò burú. N ó jókòó síbí títí sìgá yìí á fi jó tán. Bí o ò bá tíì gbà, n ó tan òmíràn. Mẹ́fà ni mo mú bọ̀."

Orí sìgá kẹta ni Mang Usting ti gbà. Ó ní kí a wá ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ọdún San Isidro, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀pà tó já bọ́ láti òkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kún ọwọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹnjiníà Katigbak gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Kamansi. Wọn kò tíì fẹ́ tú àwọn ilé. Ọ̀nà àti gọ́tà ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbẹ́. Mo di ọ̀pá mú níwájú ilé kẹtàdínlógójì. Ẹnjiníà juwọ́ sósì. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rí i pé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá ni ilà náà máa bọ́ sí. Bí mo bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì fì sọ́tùn-ún, ilà náà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Gọ́tà lásán ni.

Ó tún juwọ́ sósì.

Mo sún sósì.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ayùn gé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ náà, wọ́n da síméńtì gọ́tà síbẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án. Orí ikú ni mẹ́sàn-án ń parí sí.

Nírọ̀lẹ́, ohùn Narsisa wá láti inú àlàfo. "Ìwọ lo di ọ̀pá mú?"

"Èmi ni."

Ẹ̀pà kò bọ́. Mang Usting wá dúró síwájú ilé, ó wo àtẹ̀gùn náà títí. Ó gbé àkùkọ rẹ̀ mọ́ra. "Mẹ́sàn-án," ó wí fún un. Ó wọlé.

Mo ronú lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. N kò lè dá èyí tí wọ́n gé padà, ṣùgbọ́n mo lè fi ọ̀kan rọ́pò rẹ̀. Mo ra pákó nárà tó dára, mo fi ìfági fá a, mo kan ẹsẹ̀ kúkúrú sí i. Lọ́jọ́ Àìkú náà, nígbà tí gbogbo wọn lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e lọ. Mo fi dábùú gọ́tà yunifásítì, lábẹ́ àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó sì jókòó dáadáa. N kò ka àwọn tó wà lókè. Kí ni mo fẹ́ kà? Ojú mi ni wọ́n ṣe gé e. Mẹ́sàn-án ló kù, tèmi sọ ọ́ di mẹ́wàá. Mo fẹ́ kó bá Mang Usting lójijì, kó dùn mọ́ ọn. N kò sọ fún Nana Sepa pàápàá.

Nígbà tí wọ́n ti Máàsì dé, ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé, láti ilé ìdáná, nítorí oúnjẹ wà lórí iná.

A dé lọ́sàn-án. Ìyá mi ló ṣíwájú, ó gbé agbọ̀n ìrẹsì tí a sè sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi tẹ̀lé e. Àwọn aládùúgbò dúró lójú fèrèsé. Ìyá mi ń ka àtẹ̀gùn sókè bó ti ń gùn ún, nítorí gbogbo obìnrin wa ló ń kà á, inú rẹ̀ sì dùn.

"Wúrà. Fàdákà. Ikú. Wúrà. Fàdákà. Ikú. Wúrà. Fàdákà..."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan èyí tó kẹ́yìn. Iwájú ilẹ̀kùn ló wà. Ẹnu rẹ̀ ṣí.

"Ikú," ó wí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ti fo ọ̀kan."

"N kò fo nǹkan kan."

Mang Usting dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ tó lọ̀. Ó ní, "Mẹ́jọ ni mo fi sílẹ̀."

Nígbà náà ni mo rí i. Ó ti yọ àtẹ̀gùn òkè kúrò, ó fa pákó ẹnu ọ̀nà síwájú bo ojú ibẹ̀. Ó sọ mẹ́sàn-án di mẹ́jọ. Orí fàdákà ni mẹ́jọ ń parí sí. Ó ṣe é nítorí wa. Ó yọ ọ̀kan, èmi sì fi ọ̀kan kún un.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí pákó nárà lórí gọ́tà.

"Ta ló gbé ìyẹn síbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé mẹ́sàn-án ló kù."

"O bi mí?"

"Rárá, Bàbá."

"Àwọn náà ò bi mí. Wọ́n gé lára ilé mi, wọn ò bi mí. Ìwọ fi kún ilé mi, o ò bi mí. Àwọn ọ̀gá rẹ ló kọ́ ọ."

Mo gòkè dé ibi tí ó wà. Mo na ọwọ́ kí n lè gba ọwọ́ rẹ̀. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

"Usting," ìyá mi wí, "a ti gbé oúnjẹ wá."

"Ẹ gbé e lọ sílé, Ìyá Eliseo. Ẹ kú ìnáwó."

A sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi kò ka àtẹ̀gùn mọ́. Mo rí Narsisa lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nana Sepa bá mi lójú ọ̀nà. Inú bí i tó fi gbàgbé sìgá rẹ̀. "Ó sọ fún mi pé òun yọ ọ̀kan. Ó ní kí n má wí. Ìwọ fi ọ̀kan kún un, o ò wí. Kí ni Ọlọ́run fi ẹnu dá yín fún, ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí?" Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Bàbá tó mọ iyì ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Padà lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo ní n ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Narsisa wá bá mi létí odò.

"Jẹ́ ká máa lọ. Àbúrò ìyá mi wà ní ìlú Batangas. Bí a bá ti sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn ò ní í lè sọ nǹkan kan mọ́."

"N kò ní jí ọ gbé. N ó gun àtẹ̀gùn."

"Àtẹ̀gùn wo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n tú ilé."

"N ó gùn ún kó tó dìgbà náà."

"Ọjọ́ wo?"

Mo wo omi odò.

"Ìwọ àti bàbá mi," ó ní, "igi kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ yín." Ó kó aṣọ rẹ̀ sókè, ó la odò kọjá.

Mo ń wí pé n ó lọ lọ́la. Bí ọ̀la bá dé, ojú a tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ síṣẹ́, kí n má baà kọjá níwájú ilé náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ní ẹni tí kò bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú ilé kò gbọdọ̀ wá mọ́. Mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá wà níbẹ̀, n ó rí i pé wọ́n rọra tú ilé kẹtàdínlógójì.

Kò sóhun tí a fẹ́ tú. Mang Usting ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé rẹ̀ kí a tó dé. Ó ti yọ ìṣó, ó ti fi òòlù nà wọ́n tọ́. Àtẹ̀gùn ti kúrò, pákó ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Òpó nìkan ló kù nílẹ̀. Kò wò mí. Narsisa jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, àkùkọ bàbá rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi, ó rí ṣéènì lọ́wọ́ mi.

"Seo," ó pè mí. "Ọ̀dà ń kán sórí ẹsẹ̀ rẹ."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ̀ ti gbéra.

Ibi tí wọ́n kó wọn lọ jìn. Ilé síméńtì tó tò lọ bẹẹrẹ ló wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ gbalasa. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní àtẹ̀gùn. Mang Usting kú kí Kérésì tó dé. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni mo tó gbọ́. Àwọn kan ní àtẹ̀gùn kẹsàn-án ló pa á. N kò bá wọn jiyàn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Ìyá mi kú. N kò gbéyàwó. Wọ́n kọ́ ilé ìkàwé náà, wọ́n sì sọ mí di aṣọ́nà rẹ̀. Ojú ibi tí ilé kẹtàdínlógójì wà ni àtẹ̀gùn iwájú rẹ̀ bọ́ sí. Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba oyè, obìnrin kan tó ti hu ewú rìn wá bá mi. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ oyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Eliseo."

"Narsisa."

"O ṣì wà níbí."

"Mo ṣì wà níbí."

"Ọmọ mi nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe ìdánwò wọn, wọ́n mú un." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Kí bàbá."

Ọmọ náà gba ọwọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀ bí ọmọdé wa ṣe ń kí àgbà. Iwájú orí rẹ̀ gbóná. Ó sáré lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya fọ́tò.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Awakọ̀ ni. Ènìyàn rere ni." Ó yíjú sí mi. "Bàbá mi retí rẹ."

"Nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á fọ ọwọ́, á wọ ẹ̀wù, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi bi í pé ta ló ń retí. Ó ní òun ń gba atẹ́gùn ni."

Mo wo ọwọ́ mi.

"Ó ti kan tirẹ̀ padà sókè. Kò yọ pákó rẹ kúrò nísàlẹ̀. O ò wá wò ó?"

"Rárá."

"Mẹ́wàá ni, Seo. Mẹ́wàá pé."

Ọmọ rẹ̀ ń pè é láti orí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé pé kó wá ya fọ́tò. Narsisa wo àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì.

"Má wulẹ̀ kà á," mo ní. "Mọ́kànlélógún ni."

"Ikú," ó ní.

"Ikú ni."

"Wọ́n mọ̀wé kà, wọn ò mọ àtẹ̀gùn kà." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Ṣé o ò ní bá wa gòkè?"

Mo ní iṣẹ́ mi ni kí n ṣọ́ iwájú ilé náà.

Ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń gùn ún lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró nísàlẹ̀.